Hooligan kì í ṣe khuliganstvo

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ kan: hooligan. Ẹ tún gbọ́ èkejì: khuliganstvo. Létí, ọmọ ìyá ni wọ́n, òótọ́ sì ni, nítorí ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ará Rọ́ṣíà ti yá a. Àmọ́ ìgboro ni ọ̀kan ń gbé, inú ìwé òfin ni èkejì wà.

Ọdún 1898 ni àwọn ìwé ìròyìn Lọ́ńdọ̀nù gbé hooligan káàkiri, wọ́n fi ń pe àwọn ìpáǹle. Síbẹ̀, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú Public Order Act ti ọdún 1986, òfin Gẹ̀ẹ́sì lórí dída ìlú rú. Ní Rọ́ṣíà ńkọ́? Abala 213 ìwé òfin ìwà ọ̀daràn wọn ló dárúkọ rẹ̀: kéèyàn da ìlú rú lọ́nà tó burú, kó sì hàn gbangba pé ó rí àwùjọ fín. Àrífín yẹn ni kókó ẹ̀sùn náà.

Lọ́dún 2013, Rọ́ṣíà mú 30 èèyàn inú ọkọ̀ Arctic Sunrise ti Greenpeace, ẹgbẹ́ tó ń jà fún àyíká, torí ìfẹ̀hónúhàn níbi ìwapo Prirazlomnaya. Ẹ̀sùn ajalèlókun ni wọ́n kọ́kọ́ fi kàn wọ́n, kó tó di khuliganstvo. Lójú ẹni tó ń ka "hooliganism" nínú ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì, àfi bí ẹjọ́ àwọn tó sọ ìgò ní pápá bọ́ọ̀lù. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀wọ̀n ọdún 7 ló lè já sí!

Èyí tó ń dùn èmi ògbufọ̀ jù ni melkoye khuliganstvo, ti kékeré. Ẹni tó sọ ìsọkúsọ ní gbangba lè kó sí i: owó ìtanràn, tàbí àtìmọ́lé tí kò ju ọjọ́ 15 lọ. Wọn kì í kà á sí ìwà ọ̀daràn rárá. Bí ògbufọ̀ bá kàn kọ "hooliganism" sórí ìwé ẹni tó ń wá físà, ó ti sọ ọ́ di ọ̀daràn.

Ẹ jẹ́ ká yí i padà. Affray ti òfin Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ògbufọ̀ ló ń pè é ní draka lédè Rọ́ṣíà, ìyẹn ìjà. Ẹnì kan kì í sì í dá jà. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo lè jẹ̀bi affray, bó bá fi ìwà ipá halẹ̀ mọ́ ẹlòmíràn débi pé ẹni tọ́kàn rẹ̀ le níwọ̀nba, ká ní ó wà níbẹ̀, máa bẹ̀rù fún ara rẹ̀. Kò pọn dandan kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀. Èmi ò ní kọ draka. Màá fi affray sílẹ̀ bó ṣe wà, màá kọ nọ́ńbà abala rẹ̀ nínú Public Order Act, 3, tì í, màá wá fi gbólóhùn kan ṣàlàyé ìbẹ̀rù yẹn ní èdè Rọ́ṣíà.