Abẹ́rẹ́ kálísíọ́mù láti fi wá jẹjẹrẹ tairọ́ìdì: ibo gan-an ni ewu rẹ̀ wà?

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tí ẹ yọjú, ẹ kú ìjókòó o. Ìbéèrè tó pọ̀ jù lọ́wọ́ yín ni mo fẹ́ dáhùn: ṣé abẹ́rẹ́ kálísíọ́mù tí wọ́n fi ń ru họ́mọ̀nù sókè láti wá jẹjẹrẹ tairọ́ìdì, ẹ̀yà ara tó wà níwájú ọrùn, kò léwu?

Ọ̀pọ̀ gẹ̀gẹ̀ tí à ń rí lọ́rùn kì í ṣe jẹjẹrẹ rárá. Nínú àwọn tó jẹ́ jẹjẹrẹ pàápàá, díẹ̀ ló jẹ́ irú tí à ń pè ní medullary, èyí tó máa ń tú họ́mọ̀nù calcitonin sínú ẹ̀jẹ̀. Bí calcitonin bá ti lé ní píkógíráàmù 100 nínú mílílítà kan, jẹjẹrẹ yìí la ó kọ́kọ́ fura sí. Èmi ò rí ìdí tí a ó tún fi máa fún aláìsàn ní kálísíọ́mù. Láàárín 10 sí 100 ni iyèméjì wà, ibẹ̀ ni abẹ́rẹ́ tó ń ru calcitonin sókè ti wúlò. Àìsàn kíndìnrín lè gbé e dé ibẹ̀, omeprazole tí ọ̀pọ̀ wa ń rà fún ọgbẹ́ inú náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi oògùn kankan pamọ́ fún dókítà.

Oògùn pentagastrin ni wọ́n ń fi ru ú sókè tẹ́lẹ̀. Ó máa ń fún èèyàn láyà, ó sì ń rú ni nínú. Ó ti di ọ̀wọ́n ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, calcium gluconate, ìyẹn kálísíọ́mù tí à ń sọ yìí, ló gba ipò rẹ̀.

Aláìsàn á dùbúlẹ̀. Mílígíráàmù 25 calcium gluconate fún kílò kọ̀ọ̀kan ni òṣùwọ̀n tó wọ́pọ̀. Ẹni tó wọn kílò 60 á gba mílílítà 15 nínú oògùn tó jẹ́ ìdá 10 nínú 100. Ìwọ̀n ìṣẹ́jú 3 ni kí nọ́ọ̀sì fi rọra tì í wọ inú iṣan. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ ṣáájú, wọ́n á tún fà á ní ìṣẹ́jú 2, 5 àti 10. Bí oògùn ṣe ń wọlé ni ooru á gba ara kan, ojú á gbóná, ètè á máa ta ṣinṣin, ìtọ̀ lè gbọ̀n ọ́n. Kì í pẹ́ tó fi ń rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí wọn ò sọ fún tẹ́lẹ̀ á rò pé òun ń kú lọ ni. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ máa sọ ọ́ fún wọn!

Ọkàn ni mo ń bẹ̀rù fún. Kálísíọ́mù tó bá yára wọlé lè mú kí ìlù ọkàn falẹ̀, kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sì já wálẹ̀ jù. Ẹni tó ń lo digoxin, oògùn ọkàn, ẹni tí ọkàn rẹ̀ kì í lù déédéé, ẹni tí kálísíọ́mù ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ga tẹ́lẹ̀, kí wọ́n má ṣe é fún un. Kí ẹ̀rọ ECG tó ń ṣọ́ ìlù ọkàn wà lára aláìsàn látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kí wọ́n sì kọ́kọ́ fi omi iyọ̀ dán ojú abẹ́rẹ́ wò, torí bí kálísíọ́mù bá jò sábẹ́ awọ, ó lè pa ẹran ara ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ló kù. Jẹjẹrẹ yìí máa ń rìn nínú ìdílé míì, láti ara àbùkù nínú jíìnì (ohun àjogúnbá inú ara) tí à ń pè ní RET, tí wọ́n ti mọ̀ láti 1993. Bí wọ́n bá ti rí àbùkù náà lára òbí, àyẹ̀wò jíìnì ló kan ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ lásán ni wọ́n á fà lára rẹ̀. Kò nílò kálísíọ́mù láti mọ̀ bóyá ó jogún rẹ̀.