Pánla inú ọbẹ̀ wa àti òfin tó ń tú ìlú etíkun ká

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ l'Ádó-Èkìtì lọ́jọ́sí ni mo kọ síbí fẹ́yin tẹ́ ò ráàyè wá.

Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀ dáadáa tẹ́nì kan ti bi mí pé kí ló kan Èkìtì nínú ọ̀rọ̀ ẹja òkun, àwa tí òkè yí ká. Mo ní kó rántí iyán alẹ́ àná. Pánla tí ìyá ẹlẹ́ja fi ayùn rẹ́ l'Ọ́jà Ọba, tó le bí igi, tá a rẹ sómi mọ́jú kó tó wọnú ọbẹ̀, láti Nọ́wè ló ti wá, wọ́n so ó kọ́ síta títí afẹ́fẹ́ òtútù fi gbẹ ẹ́. Ìlú kéékèèké etíkun ló ń ṣe é, òfin sì wà lára ohun tó ń gbé wọn ró: láti 1938 ni ìjọba ti fún ẹgbẹ́ àwọn apẹja lágbára láti dá iye tówó ẹja wọn ò gbọ́dọ̀ wálẹ̀ jù, oníṣòwò ò lè wá já a mọ́ wọn lọ́wọ́ bó ṣe wù ú.

Ẹ wá wo Newfoundland ní Kánádà, irú ẹja kan náà o. Ní 1977 ìjọba sún ààlà òkun wọn dé máìlì 200, wọ́n lé ọkọ̀ àjèjì tó ń kó ẹja lọ rẹpẹtẹ, inú gbogbo èèyàn dùn, àmọ́ wọ́n tún ń ná owó lé ọkọ̀ ńláńlá tiwọn náà, àwọn onímọ̀ ìjọba ń ka ẹja ju bó ṣe wà lọ, àwọn tó ń fi ọkọ̀ kékeré pẹja nítòsí ilẹ̀ sì ń pariwo pé èyí tó ń wọ àwọ̀n àwọn ti ń kéré, wọn ò dá wọn lóhùn. July 2, 1992, mínísítà tó ń rí sọ́rọ̀ ẹja pípa, John Crosbie, kéde pé kí wọ́n ṣíwọ́ pípa ẹja náà. Bí 30,000 èèyàn niṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní ọdún méjì ni, 2024 ni wọ́n tó ṣí i! Láàárín 1991 sí 2001, èèyàn tó lé ní 50,000 ló dín nínú àwọn ará ibẹ̀.

Mi ò ní kí wọ́n má ti òkun yẹn o, ẹja ti tán. Ohun tó dùn mí ni pé àwọn tó kọ́kọ́ rí i lọ́wọ́ ara wọn ni wọn ò gbọ́.

Nílé ńkọ́? Títí di 1996 ìpínlẹ̀ kan náà làwa àtàwọn ará Ìlàjẹ tó ń pẹja létíkun Oǹdó wà. 1992 yẹn kan náà ni Nàìjíríà ṣòfin pé ọkọ̀ apẹja ńlá ò gbọ́dọ̀ pẹja ní máìlì òkun 5 tó sún mọ́ ilẹ̀, bíi kìlómítà 9, pé ti ọlọ́kọ̀ kékeré ni. Òfin tó dáa gan-an ni, mo fọwọ́ sí i.

Ìyá kan tó ń ta ẹja yíyan wá dìde lẹ́yìn, ó ní, "Ọmọ mi, ta ló ń ṣọ́ máìlì márùn-ún ọ̀hún lóru?" Mo ní iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni, mà, ṣùgbọ́n apẹja tí wọ́n fa àwọ̀n ẹ̀ ya ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀ pé wọ́n ti wọlé.