Gbèsè Ló Ṣáájú Ogún

Àsàlámù àlékúmù ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ọjọ́ Jímọ̀ o, Ọlọ́hun á gba ìrun lọ́wọ́ wa.

Ọ̀rọ̀ ogún ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, torí ó ti wà lọ́kàn mi látọjọ́ tí mo mú àwọn ọmọ lọ sí Harewood House, ilé ńlá kan báyìí tó wà lẹ́yìn Leeds níbí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Yorkshire á mọ̀ ọ́n. A ra tíkẹ́ẹ̀tì, a wọlé. Àjà ilé yẹn nìkan, wọ́n ṣọnà sí i lára bíi léèsì aṣọ ìyàwó, àwọn àga tí Chippendale, ògbólógbòó gbẹ́nàgbẹ́nà ayé ìgbà yẹn, ṣe, àwòrán àwọn bàbá ńlá wọn káàkiri ara ògiri. Ọmọ mi obìnrin wò ó títí, ó wá fà mí lẹ́wù, ó ní "Dádì, iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe tí wọ́n fi lówó tó báyìí?"

Ìdílé Lascelles ló kọ́ ọ, 1759 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Owó ṣúgà ni, owó òwò ẹrú ni, wọ́n tún máa ń yá àwọn olóko ní Barbados lówó, tí onígbèsè ò bá wá rí i san wọ́n á gba oko náà tòun tèèyàn inú rẹ̀.

Ọlọ́hun sọ nínú súrà Al-Fajr pé "wa ta'kulūna-t-turātha aklan lammā", ẹ̀ ń jẹ ogún ní àjẹkì, ẹ ń kó o pọ̀ mọ́ra gbé mì, ẹ ò yọ ti ẹlòmíì sọ́tọ̀. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń ka aayah yẹn, inú ilé yẹn ló ti wá yé mi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí òwò náà ṣe rí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ni oko ìrèké ní Jàmáíkà àti Barbados kì í gbé ibẹ̀, Ìlú Ọba níbí ni wọ́n jókòó sí, aṣojú wọn wà lọ́hùn-ún, alábòójútó wà lábẹ́ aṣojú tòun ti pàṣán, ṣúgà á máa bọ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, ìwé ìṣirò á máa tẹ̀lé e. Nínú ìwé yẹn, orúkọ èèyàn àti iye tí wọ́n dá lé e lórí, tó o bá ṣí i síwájú díẹ̀, màlúù àti ìbaaka ló kàn. William Beckford ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá tí bàbá rẹ̀ fi kú ní 1770 tó sì jogún oko rẹpẹtẹ ní Jàmáíkà. Ní 1787 ó wọkọ̀ pé òun fẹ́ lọ wò ó, ó dé Lisbon, ó sọ̀ kalẹ̀, kò lọ mọ́, kò débẹ̀ títí tó fi kú. Owó ibẹ̀ ló fi kọ́ ààfin sí Fonthill, ilé ìṣọ́ gíga tó wà láàárín rẹ̀ wó lulẹ̀ ní 1825. John Gladstone náà, bàbá Gladstone tó padà di olórí ìjọba Ìlú Ọba, kò fẹsẹ̀ tẹ oko rẹ̀ ní Demerara rí, ibi tí wọ́n ń pè ní Guyana lónìí.

Ẹ má rò pé àwọn tó wà lóko yẹn jìnnà sí wa o. Ọ̀kan wà ní Jàmáíkà tó ń jẹ́ Muhammad Kaba Saghanughu, Mùsùlùmí, ọmọ ilé kéú. Wọ́n ṣèrìbọmi fún un, wọ́n sọ ọ́ ní Robert, síbẹ̀ ó jókòó ó fi Lárúbáwá kọ ìwé lórí ìrun kíkí látinú orí rẹ̀, nílẹ̀ àjèjì, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún lóko ẹrú. Àwa tí a ní kápẹ́ẹ̀tì àti ẹ̀rọ amúlétutù ní mọ́ṣáláṣí, a tún ń pẹ́ dé.

Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sọ fún wa nínú hádíìsì tí Bukhari gbà wá pé Ọlọ́hun ní èèyàn mẹ́ta ni Òun fúnra Òun máa bá ṣẹjọ́ lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀: ẹni tó fi orúkọ Òun ṣe àdéhùn tó wá dalẹ̀, ẹni tó ta ẹni tó wà lómìnira tó jẹ owó rẹ̀, àti ẹni tó gba òṣìṣẹ́, tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé, tí kò sanwó. Ẹ wo oko ìrèké, ẹjọ́ méjì nínú mẹ́ta ló wà níbẹ̀! Ẹ má sì jẹ́ ká purọ́ fúnra wa, Yorùbá ta Yorùbá, Mùsùlùmí náà ta èèyàn, hádíìsì yẹn ò yọ ẹnì kankan sílẹ̀.

Nígbà tí ìjọba Ìlú Ọba wá ṣòfin ní 1833 pé kí wọ́n dá ẹrú sílẹ̀, wọ́n gbé 20 mílíọ̀nù pọ́n-ùn jáde, nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 owó tí ìjọba ń ná lọ́dún nígbà náà, wọ́n ní owó gbà-má-bínú ni. Ta ni wọ́n ń bẹ̀ pé kó má bínú? Olówó ẹrú! Gladstone gba ohun tó lé ní £106,000 lórí èèyàn 2,508, Lascelles ti Harewood gba ohun tó lé ní £26,000 lórí èèyàn 1,277. Ẹni tí wọ́n nà, tí wọ́n ta ọmọ rẹ̀ lójú rẹ̀, kò gba kọ́bọ̀, ní ọ̀pọ̀ erékùsù wọ́n tún ní kó ṣì máa ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún ọ̀gá rẹ̀ fún ogójì wákàtí lọ́sẹ̀ àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí di 1838. Èyí tó pọ̀ jù nínú owó gbà-má-bínú yẹn, yíyá ni ìjọba yá a, gbèsè rẹ̀ ò sì tán nílẹ̀ àfi 2015. Ẹ̀yin ará, 2008 ni mo dé ìlú yìí. Owó orí tí wọ́n ń yọ nínú owó iṣẹ́ alẹ́ tí mo ń ṣe, èmi ọmọ Ìwó, ó wà nínú ohun tí wọ́n fi san án.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíì máa sọ, pé Alùkùránì ní "wa lā taziru wāziratun wizra ukhrā", ẹnì kan ò ní ru ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíì. Òdodo ni. Àmọ́ ẹ̀ṣẹ̀ yàtọ̀ sí gbèsè. Súrà An-Nisā' aayah 11 àti 12, níbi tí Ọlọ́hun ti ń pín ogún, ó ń tún un sọ ni pé "lẹ́yìn àsọọ́lẹ̀ òkú tàbí gbèsè". Wọ́n gbé òkú kan wá fún Ànábì, wọ́n ní ó jẹ gbèsè, kò kírun sí i lára, ó ní kí àwọn sàábé kírun sí ẹnì kejì wọn lára, àfìgbà tí Abu Qatadah, ọ̀kan nínú wọn, ní òun gba gbèsè náà sọ́rùn. Gbèsè ti owó dínárì díẹ̀ lásán ni o.

David Lascelles ló ń jẹ oyè Harewood lónìí. Òṣèré dúdú kan wà tó ń jẹ́ David Harewood, ẹrú ìdílé yẹn ní Barbados làwọn bàbá ńlá rẹ̀, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. David kan jogún ilé, David kan jogún orúkọ ilé. Ní 2023 wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ sára ògiri ibẹ̀. Ọdún yẹn náà ni ìdílé Trevelyan, tí àwọn bàbá ńlá tiwọn náà ní ẹrú ní erékùsù Grenada, lọ tọrọ àforíjì níbẹ̀, wọ́n sì mú £100,000 sílẹ̀. Lójú tèmi kò tó, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́wọ́ pé gbèsè wà, ọ̀pọ̀ ò tíì ṣe ìyẹn.

Àwa náà ńkọ́? Nígbà tí bàbá wa kú, áfáà bá wa pín ogún, ó pín in dáadáa. Àmọ́ ilẹ̀ kan wà tí bàbá rà lọ́wọ́ ìyá opó kan, tí owó kù, gbogbo wa la gbọ́, a dákẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ tí a ti Harewood dé mo pe ẹ̀gbọ́n mi, mo ní "Bùọ̀dá, owó ìyá yẹn ńkọ́?" Ó pẹ́ kó tó fèsì. Ó ní ìyá ti kú. Mo ní àwọn ọmọ rẹ̀ ńkọ́?

Sátidé tó kọjá wọ́n lọ bá àkọ́bí ìyá náà. Iye tí ilẹ̀ ń lọ báyìí la fi ṣírò èyí tó kù. Ẹ̀gbọ́n mi ní ó ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì, ó dì í mọ́ etí aṣọ, ó wá ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá ń gbé àwọn kọjá níbẹ̀ ni ìyá òun máa ń nawọ́ sí ilẹ̀ yẹn, "owó mi ṣì wà níbẹ̀ yẹn o".