Bọ́ọ́gì Méjì, Ilẹ̀ Pupa Kan: Èwo Ló Lè Borí Nínú Ìdíje?

Ẹ̀yin òǹwòran, ẹ wo ọkọ̀ kékeré méjì tó wà lórí tábìlì níwájú mi. Bọ́ọ́gì rímóòtù ni wọ́n, irú èyí tí wọ́n ṣe fún eré ìje lórí ilẹ̀ tí a kò da ọ̀dà sí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wọn nǹkan bíi kílò kan ààbọ̀, ìbú wọn kò gbọdọ̀ ju 250 mìlímítà lọ bí wọn yóò bá wọ ìdíje àgbáyé, bátìrì tó ń gbé wọn sáré sì jẹ́ fóltì 7.4. Táyà ẹ̀yìn méjèèjì nìkan ni ẹ́ńjìnì ń yí. Ti iwájú kò níṣẹ́ mìíràn ju kí ó darí ọkọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń pè wọ́n ní atẹ̀yìn-tì, kí a má baà kó wọn pọ̀ mọ́ èyí tí ẹ́ńjìnì ń yí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Àwọn ọ̀dọ́ tó máa ń wá wò wá ní pápá wa lẹ́yìn ìlú Adó-Èkìtì kì í bi mí ju ìbéèrè kan lọ: "Ẹ̀gbọ́n, nínú méjèèjì, èwo ló yá?" Èmi náà a máa dá wọn lóhùn pé ìbéèrè wọn kò tíì pé, nítorí wọn kò tíì sọ irú ilẹ̀ tí ọkọ̀ náà yóò sá eré lé lórí, bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ̀ ilẹ̀ ni ìdáhùn wà.

Mo ti ṣí bọ́dì wọn kúrò kí ẹ lè rí inú. Ẹ wo ti ọwọ́ òsì yìí dáadáa. Ọ̀pá tó ń yí táyà ẹ̀yìn nìyí. Ẹ́ńjìnì rẹ̀, tí kò tóbi ju ẹyin adìyẹ lọ, wà lẹ́yìn ọ̀pá náà pátápátá, ó yọ sẹ́yìn bí ìdí tòlótòló. Ẹ wá wo ti ọwọ́ ọ̀tún. Irú ẹ́ńjìnì kan náà ni, ṣùgbọ́n iwájú ọ̀pá ni wọ́n gbé e sí, ó wọ àárín ọkọ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan bátìrì. Ìyàtọ̀ ibi tí ẹ́ńjìnì méjèèjì jókòó sí kò tó gígùn ọwọ́ mi yìí, síbẹ̀ òun ló ti pín àwọn awakọ̀ bọ́ọ́gì sí ìhà méjì láti ọdún pípẹ́ wá.

Ẹlẹ́ńjìnì-ẹ̀yìn ni àgbà nínú wọn. Ní ọdún 1984 ni ilé iṣẹ́ Team Associated ní Kalifọ́níà gbé RC10 jáde, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnì rẹ̀ sì wà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí wọ́n ṣe ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ fún irú ọkọ̀ yìí ní Del Mar, ní Kalifọ́níà kan náà, RC10 ni Jay Halsey fi gba ipò kìíní nínú àwọn atẹ̀yìn-tì. Ní 1987, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Joel Johnson fi Ultima, tí Kyosho ti ilẹ̀ Jàpáánì ṣe, gba ipò náà. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnì tirẹ̀ náà wà. Nígbà tó yá, ìdíje orí kápẹ́ẹ̀tì àti ti orí koríko àtọwọ́dá gbilẹ̀ ní Yúróòpù, táyà sì ń di irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ mú débi pé ẹrù ẹ̀yìn kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò mọ́, ó kàn ń dí ọkọ̀ lọ́wọ́ ní kọ́nà ni. Bí ẹ́ńjìnì ṣe sún wá sí àárín nìyẹn. Nígbà tí ilé iṣẹ́ TLR gbé ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní 22 jáde ní 2011, wọ́n ṣe é kí ẹni tó rà á lè to ẹ́ńjìnì rẹ̀ sí àárín tàbí sí ẹ̀yìn bó bá ṣe wù ú. Team Associated ní tirẹ̀ ta B5 fún àwọn ẹlẹ́ńjìnì-ẹ̀yìn, ó sì ta B5M fún àwọn tó fẹ́ ti àárín. B5M yìí ni Spencer Rivkin fi di ọ̀gá àgbáyé ní Yatabe, ní Jàpáánì, ní 2015. Xray ti Slovakia náà ń ta XB2 ní ẹ̀dà méjì, ọ̀kan fún kápẹ́ẹ̀tì, èkejì fún ilẹ̀ lásán. Ẹ ò rí i pé àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ náà gan-an kò gbà pé ẹyọ kan lè borí níbi gbogbo.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ìdí rẹ̀. Gbogbo wa la ti rí ọlọ́kadà tó di àpò iṣu mọ́ ẹ̀yìn, tó ń gun òkè bọ̀ láti oko. Bó bá ti fún un níná, iwájú á fúyẹ́, ọwọ́ ọ̀kadà á fẹ́ máa ṣe bó ti wù ú, ṣùgbọ́n táyà ẹ̀yìn kò ní yọ̀, nítorí ẹrù tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bọ́ọ́gì ẹlẹ́ńjìnì-ẹ̀yìn kò yàtọ̀ sí i. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń yára sí i, ìwọ̀n rẹ̀ máa ń sún sẹ́yìn. Bí ẹ́ńjìnì bá tún wà lẹ́yìn, táyà ẹ̀yìn á jẹ ilẹ̀ gidigidi, kódà bí ilẹ̀ náà bá jẹ́ eruku. Àléébù rẹ̀ ni pé táyà iwájú kì í rí ilẹ̀ dì mú tó bẹ́ẹ̀. Ẹ yí i sí ọ̀tún, á kọ́kọ́ fẹ́ máa lọ tààrà. Nígbà tí ìdí rẹ̀ bá sì wá yọ̀, gbogbo ìwọ̀n tó wà lẹ́yìn yẹn ni yóò gbá a yí.

Ti ẹlẹ́ńjìnì-àárín dà bí ìyá tó fi ọ̀já gbá ọmọ mọ́ra pinpin: ó lè yí padà kíá láìta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Ẹ fi í wé ẹni tó na ọwọ́ méjèèjì síwájú tó gbé garawa omi dání, tí ó ní kí òun yí padà: ìyẹn kò ní lè yára. Bí ìwọ̀n bá ṣe súnmọ́ àárín ọkọ̀ tó ni ọkọ̀ náà ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ sí lẹ́nu ní kọ́nà, bó bá sì fò láti orí òkè kékeré tí a mọ sójú pápá, kì í tètè sọ orí kodò tàbí gbé imú sókè. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé táyà ẹ̀yìn nìkan ni bíréèkì rẹ̀ náà wà, nítorí ẹ́ńjìnì kan náà ló ń fà á dúró. Nígbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, ìwọ̀n á sún síwájú, ẹ̀yìn tí kò lẹ́rù tẹ́lẹ̀ á tún fúyẹ́ sí i, ọkọ̀ á sì pòyì. Lórí kápẹ́ẹ̀tì, èyí kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀. Lórí ilẹ̀ wa ní oṣù kìíní, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo rí i kí n tó sá ìyípo kejì tán.

Ilẹ̀ pupa Èkìtì, ilẹ̀ méjì ni. Nígbà ọyẹ́, ojú rẹ̀ á di ìyẹ̀fun, eruku á bo ẹsẹ̀ ẹni dé ọrùn ẹsẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ á sì máa yí bí èso ìṣín. Níbẹ̀, ẹlẹ́ńjìnì-ẹ̀yìn ni mo máa ń gbé jáde, n kì í sì í ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, tí oòrùn sì pa á títí di nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ kan náà á le, á máa dán níbi tí táyà ti ń tẹ̀ ẹ́ lemọ́lemọ́. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó gbé ẹlẹ́ńjìnì-ẹ̀yìn wá yóò máa wo ìdí ẹlẹ́ńjìnì-àárín títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé orí ilẹ̀ náà ni àwọn ọ̀gá lókè òkun ti ń fi ti àárín borí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n amọ̀ tí wọ́n ń bomi rin, tí wọ́n sì ń tẹ̀ le ni tiwọn. Bí ẹ bá ní táńkì omi, ẹ máa ṣe bíi tiwọn.

Ọ̀rọ̀ eré sísá náà kò rí bí ọ̀pọ̀ ṣe rò ó. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni eré kan. Ká ní ọkọ̀ kìíní ń fi ìṣẹ́jú-àáyá 20 yí pápá po lẹ́ẹ̀kan, tí kò sì subú rárá: ìyípo 15 rẹ̀ á gba 300 géérégé. Ká ní ọkọ̀ kejì yá jù ú lọ, tó jẹ́ 19.5 ló ń lò: ìyípo 15 tirẹ̀ á gba 292.5. Ṣùgbọ́n bó bá dojú dé lẹ́ẹ̀kan péré, tí ọmọ tó dúró ní kọ́nà fi 8 sáré dé ibẹ̀ kó tó gbé e dìde, 300.5 ló di yẹn, ọkọ̀ tó yá ti pàdánù. Nítorí náà, bí mo bá ń fi ọkọ̀ méjì wé ara wọn, n kì í wo ìyípo tó yá jù. Àròpọ̀ gbogbo ìyípo márùn-úndínlógún ni mo máa ń wò.

Táyà ńkọ́? Bí owó yín bá kéré, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ ná an lé lórí. Ẹ wo èyí: eyín rẹ̀ gùn, wọ́n sì jìnnà síra, kí wọ́n lè gún inú eruku dé ilẹ̀ líle. Eyín ti èyí kúrú, wọ́n sún mọ́ra bí irun búrọ́ọ̀ṣì, ti ilẹ̀ tó ti le ni. Ẹni tó bá ṣi èyí gbé, ibi tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà kò lè gbà á. Epo inú ṣọ́ọ̀kì náà ṣe pàtàkì, àti iye jíà tó wà nínú àpótí jíà, mẹ́ta tàbí mẹ́rin, èyí tó ń pinnu bóyá ẹ́ńjìnì yóò máa yí síhà kan náà pẹ̀lú táyà tàbí òdì-kejì rẹ̀; ṣùgbọ́n ìyẹn gba fídíò tirẹ̀.

Ohun kan wà tí àwọn ará òkèèrè kì í kà sí nígbà tí wọ́n bá ń ṣe irú ìfiwéra yìí. Lọ́dún tó kọjá, mo gbé ẹlẹ́ńjìnì-àárín yìí jáde nínú eruku, nítorí ọkàn mi ló ń fà á. Ní kọ́nà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi máńgòrò, ó pòyì, ó fi imú sọ búlọ́ọ̀kù. Ẹ wo ibi tí apá ike tó di táyà iwájú mú ti kán. Mo tọ́jú rẹ̀ títí dòní. Kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo Adó, kò sí ní Ìkéré, ìgbà tí mo sì fi rí òmíràn gbà láti òkèèrè, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti kọjá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn, ọkọ̀ àlòkù tí ọmọ àdúgbò kan fi wáyà so ló ń gba ipò kìíní. Láti ìgbà náà, kí n tó yin ọkọ̀ kankan, mo máa ń béèrè iye ọjọ́ tí apá rẹ̀ yóò fi dé Èkìtì.

Fún ẹni tó bá fẹ́ ra ẹyọ kan péré, èyí tó gba ẹ́ńjìnì ní ibi méjèèjì ni kó wá, kódà bó jẹ́ tòkunbọ̀. Irú rẹ̀ ni ti ọwọ́ òsì yìí. Títú àpótí jíà rẹ̀, yíyí i padà, àti títún ibi tí bátìrì wà tò gba nǹkan bíi wákàtí kan lọ́wọ́ mi. Mo ti lẹ bébà mọ́ ìdí rẹ̀ níbí, ẹ lè kà á: "Ẹ̀yìn, títí di òjò kẹta." Bí òjò kẹta bá ti rọ̀, n ó tú u.