Oògùn Ò Ní Kí Bàbá Jókòó

Ẹ̀yin tí ẹ ní bàbá tàbí ìyá tí àrùn Parkinson ń bá fínra nílé, ẹ̀yin ni mo wá bá. Ẹ mọ̀ ọ́n: ọwọ́ á máa gbọ̀n, ara á le, ẹsẹ̀ á máa wọ́ nílẹ̀. Kì í ṣe pé ayé ń ṣe wọ́n. Láti 1817 ni dókítà James Parkinson ti ṣàpèjúwe rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní dopamine ló ń gbẹ nínú ọpọlọ, òun ló sì ń jẹ́ kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gbọ́ tiwa. Oògùn levodopa ni ọpọlọ máa ń sọ di dopamine.

Iṣẹ́ físíò, ìyẹn fífi eré ìdárayá tọ́jú ara, ni mò ń ṣe, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo sì ń tún sọ níbi gbogbo. Tí wọ́n bá lo levodopa, ó nígbà tí ara á yá, ó sì nígbà tí agbára oògùn á tán. Ìgbà tí ara yá yẹn ni ìgbà eré ìdárayá. Ṣùgbọ́n kí là ń ṣe? Bàbá á lo oògùn, ara á tú wọn, àwa á ní, "Ẹ jókòó, ẹ sinmi, ẹ má lọ ṣubú." Kí wọ́n tó tún dìde, oògùn ti lọ. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n ìfẹ́ yẹn ń gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Mo sì ń bá àwọn dókítà tó ń kọ oògùn láìkọ ìrìn mọ́ ọn jà.

Nínú gbọ̀ngàn kan tí mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, mo pe màmá kan síwájú, mo gbé àga tí kò lápá fún wọn. Wọ́n gbìyànjú àtidìde, wọ́n padà jókòó pì. Mo ní, "Màmá, ẹ sún ìdí wá sétí àga. Ẹ fa ẹsẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn. Ẹ tẹ̀ síwájú títí imú yín á fi bọ́ sókè ìka ẹsẹ̀ yín. Ó yá!" Wọ́n dìde, wọ́n dúró ṣánṣán. Inú gbọ̀ngàn hó.

Oúnjẹ ńkọ́? Ẹran, ẹyin àti mọ́ínmọ́ín máa ń bá levodopa du ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lo oògùn ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú oúnjẹ. Ẹsẹ̀ tó ń lẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹ fa ìlà síbẹ̀ kí wọ́n máa gbẹ́sẹ̀ kọjá, tàbí kí ẹ pàtẹ́wọ́ bí ìlù kí ẹsẹ̀ máa tẹ̀lé e. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ijó síbẹ̀, àfi bí ọ̀dọ́kùnrin kan ṣe nawọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, oògùn ti wọ́n. Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ la lè rà fún bàbá mi. Ṣé kí wákàtí tó kù ṣòfò ni?"

Mo gbé ìwé mi sílẹ̀. Mo kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ òótọ́ owó wọn fún dókítà, kó má dá oògùn gé, nítorí dídá levodopa dúró lójijì léwu gan-an. Lẹ́yìn náà ni mo sọ ìwádìí kan tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Netherlands fún un. Èèyàn 130 ni. Fún oṣù mẹ́fà, apá kan ń wa kẹ̀kẹ́ tí kì í kúrò lójú kan nílé, apá kejì ń na ara lásán. Ìgbà tí oògùn ti tán lára wọn ni wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, síbẹ̀ ara àwọn tó wa kẹ̀kẹ́ dúró ju ti àwọn yòókù lọ. Èsì náà jáde ní 2019. Nítorí náà wákàtí yẹn ò ṣòfò. Ohun tí mo sọ níṣàájú, pé ìgbà tí ara yá ni ìgbà eré ìdárayá, kéré.

Ẹnìkan kígbe látẹ̀yìn: "Yèrèpè ńkọ́?" Òótọ́ ni, levodopa wà nínú hóró rẹ̀; láti 1937 ni wọ́n ti yọ ọ́ jáde níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ìwọ̀n tó wà nínú ẹ̀kúnwọ́ kan? Ẹ má fi kún oògùn láìjẹ́ pé dókítà gbọ́.

Àkókò tán. Èmi àti ọ̀dọ́kùnrin náà dúró sẹ́nu ọ̀nà. Aago méje àárọ̀ ni bàbá ń lo oògùn. A fi ìdìde lórí àga sí aago mẹ́jọ, ìgbà mẹ́wàá. Ìrọ̀lẹ́, tí ara bá ti le, kí wọ́n máa ju ẹsẹ̀ lórí ìjókòó, kí ẹnìkan wà nítòsí. Ó kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ìkésíni rẹ̀, ó sì bi mí bóyá òun lè máa lu gángan fún wọn. Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ lọ́la.