Kí Ló Lé Irun Yẹn Lọ? Àyẹ̀wò Tó Gbọ́dọ̀ Ṣáájú Irun Gbígbìn

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe fún àwọn onídìrí àti oníbàárà wọn ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Inú mi dùn pé onídìrí ló pọ̀ jù nínú yín, torí ẹ̀yin lẹ máa ń rí orí tó ń pá kí nọ́ọ̀sì bíi tèmi tó rí i. Obìnrin lè fi gèlè bo orí fún ọkọ rẹ̀, kò lè bò ó fún ẹni tó ń fi òòyà ya á.

Gbogbo wa la ti rí fídíò irun gbígbìn lórí fóònù: apárí wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Tọ́kì, nígbà tó yá irun ti bo iwájú orí rẹ̀. Òótọ́ ni, iṣẹ́ náà ń ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń dá irun tuntun. Irun ìpàkọ́ ẹni náà fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń wú tí wọ́n ń tún gbìn síwájú, èyí tí wọ́n bá sì wú kì í hù padà sí ìpàkọ́ mọ́. Norman Orentreich, dókítà kan ní New York, ló kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1959 pé irun tí a bá ṣí nípò kì í fi ìwà ibi tó ti wá sílẹ̀. Ẹni tó kúrò ní Kétu wá gbé ní Àjàṣẹ́, ohùn Kétu kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni irun ìpàkọ́ tó dé iwájú orí. Àmọ́ bí àìsàn bá ṣì ń jà lábẹ́ awọ ibi tí wọ́n gbìn ín sí, yóò kú síbẹ̀ ni. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín: kí ẹ tó béèrè iye owó, ẹ béèrè ohun tó lé irun ti àkọ́kọ́ lọ.

Apárí tó wá láti ìran, tí họ́mónù ọkùnrin ń fà, ni irun gbígbìn bá mu jù. Dókítà kan, O'Tar Norwood, to apárí yìí sí ìpele 7 ní 1975, àwọn dókítà ṣì ń lò ó dòní. Síbẹ̀, bí ọmọ ọdún 22 bá wá, dókítà tó mọṣẹ́ á ní kó ṣe sùúrù. Orí rẹ̀ ò tíì parí ìrìn. Bí wọ́n bá gbin iwájú lónìí, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń pá lọ, irun iwájú á dá wà bí erékùṣù. Oògùn bíi minoxidil tàbí finasteride ni wọ́n sábà máa fi bẹ̀rẹ̀. Aboyún ò gbọ́dọ̀ lo finasteride o, ó lè ṣe ọmọkùnrin inú rẹ̀ níṣẹ́.

Irun tó ń re lẹ́yìn ìbímọ tàbí lẹ́yìn ibà líle ò nílò abẹ rárá. Oṣù méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn ọ̀ràn náà ló máa ń re, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa ń padà. Àìtó ẹ̀jẹ̀ àti àìsàn ọrùn tí wọ́n ń pè ní thyroid náà máa ń mú kí irun re. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń fi wọ́n hàn. Làpálàpá orí, oògùn ni tirẹ̀.

Irun ẹ̀bátí tó ń re nítorí pé a dì í le jù jẹ́ ti gbogbo wa. Bí a bá tètè tú u sílẹ̀, irun á padà. Bí ó bá pẹ́, ihò irun á dí. Wọ́n lè gbìn síbẹ̀ nígbà náà, àmọ́ bí ẹni náà bá tún lọ di í le, tuntun náà á tẹ̀lé èyí tó ti lọ. Bí ọmọdé bá ń sunkún lábẹ́ ọwọ́ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dẹ ọwọ́.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti àtàrí. Ìyá kan wá láti ọ̀nà Kétu. Ó ní ó ti tó ọdún mẹ́rin tí àtàrí òun ti ń yún òun, tó ń ta òun bí ata. Nígbà tó ṣí gèlè, àárín orí rẹ̀ ń dán bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Dókítà awọ ara gbé awò kékeré lé e, ó wò ó títí, ó ní kí èmi náà wá wò ó. Ibi tó yẹ kí ihò irun wà, kò sí nǹkan kan. Àìsàn tó ń sọ awọ orí di àpá ni, àwa obìnrin aláwọ̀ dúdú ló sì ń bá jà jù. Wọ́n ní láti gé awọ bíńtín, bí ẹnu bírò, lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ kì í gbà láti gbin irun sórí bẹ́ẹ̀ àfi tí àìsàn náà bá ti dákẹ́ fún ọdún kan sí méjì, díẹ̀ ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ gbìn láti dán an wò. Ìyá náà ń lo oògùn lọ́wọ́ báyìí. Kò tíì kan irun gbígbìn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀gbọ́n kan ní ìlú yìí, tó lọ ṣe tirẹ̀ lókè òkun. Fọ́tò orí rẹ̀ àti owó àsansílẹ̀ nìkan ni wọ́n béèrè. Nígbà tó dé, àpá ti wú jọ sí ìpàkọ́ rẹ̀, ó le, ó ń yún un lóru. Mo ní kó bọ́ ẹ̀wù. Ní èjìká rẹ̀, níbi tí wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́ nígbà èwe, àpá mìíràn wà tó wú bí èkùrọ́. Ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ti wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kó bọ́ ẹ̀wù ì bá ti rí i. Awọ tiwa máa ń wú bẹ́ẹ̀ ju ti òyìnbó lọ, nítorí náà kí dókítà wo èjìká, etí tí ẹ lu, àti ìpàkọ́ níbi tí abẹ onígbàjámọ̀ ti ń fa kókó. Irun wa tún máa ń ká kò lábẹ́ awọ, irinṣẹ́ tó bá lọ tààrà á gé gbòǹgbò rẹ̀.

Ara yòókù náà ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, kí wọ́n wo ṣúgà, kí wọ́n wo bí ẹ̀jẹ̀ yín ṣe ń dì, kí wọ́n sì yẹ kòkòrò àrùn inú ẹ̀jẹ̀ bíi hepatitis B àti HIV wò. Kí wọ́n gbé yín lé ìwọ̀n, torí bí ara bá ṣe wúwo tó ni wọ́n ń fi díwọ̀n lidocaine tí kì í jẹ́ kí orí mọ ìrora. Àpọ̀jù rẹ̀ lè da ọkàn rú. Adrenaline wà nínú rẹ̀, ẹni tó bá sì ń lo propranolol, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti ọkàn, gbọ́dọ̀ sọ ọ́, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má bàa ru sókè lójijì. Ẹni tó ń lo aspirin tàbí warfarin, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, gbọ́dọ̀ sọ ọ́ pẹ̀lú, kó má sì dá a dúró fúnra rẹ̀, àfi bí dókítà tó kọ ọ́ fún un bá gbà. Àgbo tí ẹ ń mu nílé ńkọ́? Ẹ dárúkọ rẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Nígbà tí mo parí, ìyá onídìrí kan láti ọjà Ouando dìde. Ó bi mí bóyá oníbàárà ò ní bínú sí òun bí òun bá sọ fún un pé irun rẹ̀ ń lọ. Mo ní kó kàn sọ ibi tó rí i, kó sì ní kó lọ fi han dókítà. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó pe ọmọ rẹ̀ obìnrin wá síwájú, ó fi ìka ya irun ẹ̀bátí rẹ̀, ó ní kí n wò ó. Mo gbé iná fóònù sún mọ́ ọn. Irun ibẹ̀ ti fọ́nká, ṣùgbọ́n ihò wọn ṣì wà.