Bí a ṣe ń yan subnet mask tó bá nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa mu

Ẹ káàbọ̀ o. Gbọ̀ngán ìdánwò orí kọ̀ǹpútà la fẹ́ ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún lónìí. Ẹ má tíì fọwọ́ kan router. Ẹ mú bírò, ẹ ka gbogbo ohun tó máa gba àdírẹ́sì: kọ̀ǹpútà 250, server 2, router 1, printer 2, kámẹ́rà 8. Ó jẹ́ 263.

Àdírẹ́sì IPv4 kọ̀ọ̀kan, ìyẹn nọ́ńbà tí ẹ̀rọ ń jẹ́ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ní bit 32; bit kan jẹ́ 0 tàbí 1. Subnet mask ló ń fi hàn wá ibi tí orúkọ àdúgbò parí sí, tí nọ́ńbà ilé ti bẹ̀rẹ̀. 255.255.255.0, ìyẹn /24 (bit 24 fún orúkọ àdúgbò), fi bit 8 sílẹ̀ fún nọ́ńbà ilé. Ẹ máa ṣe é ní ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀mẹjọ: 2, 4, 8, 16, 32, 64, 128, 256. Ẹ yọ 2 kúrò: ti àkọ́kọ́ jẹ́ ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀, ti ìgbẹ̀yìn sì ni broadcast, tí wọ́n fi ń ké sí gbogbo ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ku 254.

Ibí yìí ni mo ti ṣì í rí. Kọ̀ǹpútà nìkan ni mo kà, mo bá fi /24 sí i. Àwọn tá a tàn kẹ́yìn ò rí server. Mo tẹ ipconfig, àṣẹ tó ń fi àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà hàn, mo rí 169.254 níwájú àdírẹ́sì. Tí Windows bá gbé ìyẹn jáde, a jẹ́ pé kò rí àdírẹ́sì gbà lọ́wọ́ DHCP, ètò tó ń pín àdírẹ́sì fún àwọn ẹ̀rọ. Àwọn ọmọ sì ti tò sẹ́nu ọ̀nà. Ó dùn mí gan-an.

Kódà tí ẹ bá ya kámẹ́rà sọ́tọ̀, 255 ló kù. Ẹyọ kan ṣì lé. Nítorí náà, /23 la máa lò, 255.255.254.0. Bit 9 nìyẹn: 512, ẹ yọ 2, 510. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 192.168.10.0, àdírẹ́sì tí ẹ lè pín á lọ láti 192.168.10.1 dé 192.168.11.254. Ẹ má fi 11 bẹ̀rẹ̀ o, nọ́ńbà kẹta gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí 2 lè pín láìṣẹ́kù. Ẹ rántí fẹ ààyè DHCP náà.

Ó ku printer, tá a máa ń fọwọ́ tẹ àdírẹ́sì tirẹ̀ sí. Tí mask rẹ̀ bá ṣì jẹ́ 255.255.255.0, tó wà ní 192.168.10.5, iṣẹ́ láti 192.168.11.40 á dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àmọ́ á rò pé àdúgbò mìíràn lonítọ̀hún ń gbé. Bí kò bá sì ní gateway, ìyẹn àdírẹ́sì router tó ń gbé iṣẹ́ lọ sí àdúgbò mìíràn, èsì ò ní padà. Ẹ tún mask yẹn ṣe, kí ẹ wá lọ sórí kọ̀ǹpútà 11.40, kí ẹ tẹ ping 192.168.10.5. Tó bá ti fèsì, ẹ tan àwọn tó kù.